Àwo Tí Ń Bọ̀ àti Ìdílé Tí Oyè Kàn

Bí ọba bá wàjà ní ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire, àwọn ará ìlú kì í dúró de àwọn afọbajẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àbá. Wọn yóò ka àwọn ìdílé tí ń jọba lórí ìka, wọn yóò bi ara wọn léèrè ìdílé tí oyè kàn, wọn yóò yẹ àwọn ọmọ oyè wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì máa fetí sí ohun tí Ifá bá wí. Àwọn afọbajẹ ní tiwọn yóò pa ẹnu mọ́ títí ọjọ́ yóò fi pé. Irú àbá bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ń dá lóṣooṣù ní Atakpamé níhìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí adé. Lórí àwo orin ni.

Àwọn ẹgbẹ́ kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ń gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, tí wọ́n sì ń fi àwo orin ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù: àwo dúdú rìbìtì, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń gbé sórí giramafóònù. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Láti 1955 ni ilé iṣẹ́ Columbia ti dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáwó jọ, a sì jùmọ̀ wọ ọ̀kan nínú wọn. Ẹgbẹ́ náà kì í dárúkọ àwo oṣù tí ń bọ̀. Wọn a kàn ju àlọ́ sílẹ̀, pé ọmọ etíkun ni olórin náà, tàbí pé àwo náà ti pé àádọ́ta ọdún. Kí ẹrù tó ti Lomé gòkè wá, olúkúlùkù wa yóò ti kọ orúkọ kan sínú bébà. Ẹni tí àbá rẹ̀ bá ṣẹ ni yóò kọ́kọ́ gbé àwo náà lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan.

A kì í dá àbá bí afọ́jú. A ní àmì tí à ń wò.

Àmì kìn-ín-ní ni ikú. Haruna Ishola, àgbà olórin àpàlà, ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1948, Ọba Adéboyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó sì fi kì. Àwo náà kò tà. Nígbà tí ọba náà wàjà ní 1955, Haruna tún orin náà kọ, orúkọ olórin náà sì tàn kálẹ̀. Olórin kan náà ni, ọba kan náà ni. Ohun tí ó yí padà ni pé ọba ti lọ, àwọn ènìyàn sì ń wá ohun tí wọn yóò fi rántí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí, bí olórin ńlá kan bá kú, orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń kọ sínú bébà mi.

Àmì kejì ni ẹnu àwọn gbajúmọ̀. Nígbà tí wọ́n ń tún àwọn àwo Fẹlá tẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kó wọn sínú àpótí, Questlove ni wọ́n ní kí ó ṣa àwọn ti àpótí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kan Ginger Baker, kí ó tó kan Brian Eno. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ayé ń gbọ́ lẹ́nu irú àwọn wọ̀nyí, àbá rẹ̀ kì í jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé ilé Fẹlá ti mọ ọ̀nà àwo tipẹ́: bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ti kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922.

Àmì kẹta ni ó tóbi jù: ibi tí orin náà sùn sí. Ní Cotonou, Adissa Seidou ni ó ni ilé iṣẹ́ Albarika Store, tí ó gbé ọ̀pọ̀ àwo Orchestre Poly-Rythmo jáde. Ní 2008, ilé iṣẹ́ Analog Africa ní Jámánì kó orin àwọn ọdún 1970 láti Benin àti Togo jọ sínú àwo kan tí wọ́n pè ní African Scream Contest. Ọmọ Togo wa, Roger Damawuzan, wà nínú rẹ̀. Ní 2016, Hot Casa ní Paris gbé Togo Soul 70 jáde. Gbogbo èyí ṣeé ṣe nítorí pé ẹnì kan ti tẹ àwo náà nígbà náà lọ́hùn-ún, ẹlòmíràn sì fi í pamọ́ sínú àjà àti erukú.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi kì í kọ orúkọ mìíràn ju Bella Bellow lọ. Tsévié ni wọ́n bí obìnrin náà sí ní 1945. Ó kọrin níwájú gbogbo adúláwọ̀ ní Dakar ní 1966. Jàǹbá ọkọ̀ sì mú un lọ ní oṣù Kejìlá 1973, kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì jẹ rí, ṣùgbọ́n a kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àbá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí àwo obìnrin náà wà.

Ní oṣù kan, ẹni tí ó kéré jù nínú wa béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi kọ orúkọ olórin Ifẹ̀ rí. Àwa tí wọ́n ń pè ní Ana, tí a ń pe ara wa ní Ifẹ̀, tí Ilé-Ifẹ̀ wà nínú ìtàn wa àti lórí ahọ́n wa, tí a ní ọdún iṣu, tí a ní tchébé, ijó orí igi gíga tí àjèjì ń wá wò: kí ló dé tí a kò sí nínú bébà àwa fúnra wa? Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ oyè ni mo fi dá a lóhùn. Láti ìgbà òfin oyè ti 1957 ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn ìdílé tí ń jọba sínú ìwé. Ìdílé tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, bí ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ga bí ìrókò, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nígbà tí oyè bá ṣí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orin wa rí. Ẹnu àgbà ni ìwé rẹ̀, ẹnu náà sì ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta; kò sí bí àbá ṣe lè mú jáde ohun tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú.

Ó dùn mí nítorí pé ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Kamina, ní ẹ̀bá Atakpamé, ni àwọn ará Jámánì kọ́ ilé ẹ̀rọ aláìlókùn ńlá sí, èyí tí ó lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti ibí títí dé ìlú wọn. Ní oṣù Kẹjọ 1914, àwọn fúnra wọn ni wọ́n bà á jẹ́ kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni ẹ̀rọ náà gbé sọdá òkun. Kò gbé orin wa.

Ọ̀rẹ́ mi kejì kò gbà pé kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú àwo. Ó ní awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, pé orin tí à ń kọ nígbà tí ọba bá wọ ìpèbí kò yẹ kí ó máa dún ní ilé àjèjì tí ń mu kọfí. Òótọ́ ni ó sọ. Kì í ṣe gbogbo awo ni a ń sọ di àwo. Ṣùgbọ́n orin ọdún iṣu kì í ṣe awo. Orin àwọn ìyá níbi ìkómọ, oríkì ìdílé, ìlù tí a fi ń gbé tchébé sókè, ìta gbangba ni gbogbo wọn ti ń wáyé. Bí a bá fi ìbọ̀wọ̀ fún awo bo àìbìkítà wa, àwọn ọmọ wa ni a ń rẹ́ jẹ.

Nítorí náà ni mo ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Fóònù tí ó wà lápò wa ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí wọ́n sọ ohun tí a lè gbà sílẹ̀ àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Kí a kọ orúkọ akọrin, àdúgbò rẹ̀, ọjọ́ tí a gbà á àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà ní ààfin, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ẹbí akọrin náà, nítorí àwọn ni wọ́n ni ín. Bí ilé iṣẹ́ kan ní Paris tàbí Jámánì bá fẹ́ ẹ lọ́la, yóò bá wa nílé, a ó sì jọ dúnàá-dúrà. Bí wọn kò bá wá, àwọn ọmọ wa yóò ṣì gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ní ìyá àgbà tí ó mọ orin ọdún iṣu, kí ó lọ jókòó tì í kí iṣu tuntun tó jáde.