Bata kọ́ ló fún wa ní bàtà

Àròsọ kan wà tó ń tàn kálẹ̀ ní Ìbàdàn yìí, láti Agbowó títí dé Challenge, tó sì máa ń bí mi nínú. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Bata ni àwa Yorùbá ti yá “bàtà”, pé láti ibẹ̀ náà ni “sálúbàtà” ti wá, bí ẹni pé ẹsẹ̀ lásán ni àwọn baba wa fi ń rìn títí òyìnbó fi dé.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn kọ́ mi pé ọdún ni kí n kọ́kọ́ béèrè. Ọdún 1894 ni Tomáš Baťa àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, Antonín àti Anna, dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Zlín, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Czech lónìí. Orúkọ ìdílé wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọdún 1884 ni odindi Bíbélì ti jáde lédè Yorùbá. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí kẹta, níbi tí Ọlọ́run ti pe Mósè láti inú igbó tó ń jó: bàtà ni a ní kó bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tó ṣe bẹbẹ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, ti jáde láyé ní 1891. Báwo lèèyàn ṣe ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ṣí ìsọ̀?

Ìjọra lásán ni. Lédè Swahili, pẹ́pẹ́yẹ ni “bata”, kò sì sẹ́ni tó ní Bata ń ta pẹ́pẹ́yẹ.

Sálúbàtà ní ipò tirẹ̀ láàárín bàtà. Kò ní okùn, kò bo gìgísẹ̀. Ẹsẹ̀ ni a kàn ń kì bọ̀ ọ́. Òun ni à ń wọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, òun ni à ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, òun ló sì yẹ ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wa, nígbà tí bàtà tó bo ẹsẹ̀ bá ń mú ọmọ ìka láàgùn.

Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ wá ní tòótọ́, dọ́ńlọ̀ọ̀pù nìyẹn. Dókítà ẹran ni John Boyd Dunlop, ará Scotland, tó ṣe táyà onífẹ́ẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Belfast, tó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1888. Táyà sọ orúkọ rẹ̀ di orúkọ rọ́bà. Nígbà tó yá, sálúbàtà oní-rọ́bà di dọ́ńlọ̀ọ̀pù lẹ́nu wa. N kò rí aburú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Omo ṣe di orúkọ gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ẹlẹ́bú.

Èyí tó ń dùn mí ni pé bí mo bá béèrè sálúbàtà ní Dùgbẹ̀, ọmọ tó ń tajà á wò mí lójú. “Dádì, ṣé sílípáàsì lẹ ń wí?” Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá wá ń sanwó, màá tún pè é ní sálúbàtà sí i létí.