Nígbà Tí Ìpara Ń Ti Ẹ̀yìnkùlé Wá

Láyé àtijọ́, agbo ilé tí èèyàn kò ní bá òkúta osùn níbẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ. Àárín rẹ̀ ti jin wọnú látàrí igi osùn tí àwọn ìyá àti àwọn ìyá wọn ti ń lọ̀ mọ́ ọn, pupa rẹ̀ kò sì ṣeé fọ̀ kúrò mọ́. Ẹni tó fẹ́ fi osùn pa ọmọ lára á wọ́n omi díẹ̀ sórí òkúta, á mú ègé igi osùn, á máa fi ha á lọ ha á bọ̀ títí omi náà á fi ki, tí á pupa fòò. Ohun tó bá jáde kì í ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Èyí tí ọmọ máa lò lọ́jọ́ yẹn ni. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, wọ́n á tún lọ òmíràn.

Òkúta yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń po ìpara nínú ilé ìdáná wọn lónìí, l'Ékòó, n'Ibàdàn, títí dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú mi dùn sí wọn gan-an. Wọ́n ń sá òdòdó róòsì, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú òróró. Wọ́n ń fi ìṣápá pupa, èyí tí a fi ń ṣe sóbò, kún ọṣẹ. Wọ́n ń bu òrí sínú abọ́, wọ́n ń fi ẹ̀rọ lù ú títí á fi fúyẹ́. Àwọn ìyá wa kì í sábà fi òdòdó para ní tiwọn. Igi, èèpo, ewé àti kóró èso ni wọ́n mọ̀. Làálì ló sún mọ́ ọn jù: òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́ a máa ta sánsán, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n gún kúnná ni ìyàwó ń lé sọ́wọ́ sẹ́sẹ̀.

Ọmọ Ṣakí ni ìyá màmá mi. Ní Òkè-Ògùn níbẹ̀, iṣẹ́ obìnrin ni òrí. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tí èso rẹ̀ ń já bọ́, ìdájí ni wọ́n ń lọ ṣa á kí ẹran tó débẹ̀. Wọ́n á jẹ ara èso náà nítorí ó dùn. Wọ́n á bọ kóró rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á gún un, wọ́n á lọ̀ ọ́. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ibi pípò gan-an ni iṣẹ́ wà. Kóró tí wọ́n lọ̀ yìí dúdú, ó ki, òórùn iná ṣì wà lára rẹ̀. Ìyá àgbà á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, á máa pò ó, á ní kí a bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i, á tún pò ó, á ní ó tó omi tútù. Bí apá bá ro ó, aládùúgbò á jókòó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá yá, ohun dúdú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, á funfun, ọ̀rá á léfòó sójú omi. Wọ́n á kó o, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á sè é títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ tán. Ẹnu kì í sì í dákẹ́ nídìí agbada. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹni tó lóyún, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé níyàwó, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Kí òrí yẹn tó dì ni wọ́n ti mọ ara tó máa lọ. Ti ọmọ Sùnbọ̀ rèé. Ti orúnkún Bàbá rèé. Èyí tó kù, kí wọ́n gbé e rọjà. Ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ mí jù lọ nìyẹn. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń po ìpara lónìí, òun nìkan ló ń dá a pò lóru lẹ́yìn iṣẹ́, fóònù ló fi ti ògiri tó ń wo bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ mọ́ tónítóní ju tàtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà ló máa wá gbé e, ara ẹni tí kò rí rí ni yóò sì lọ.

Okùn àṣà yìí ti já kí ìran àwọn ọ̀dọ́ yìí tó dé. Ìpara inú agolo ló kọ́kọ́ wọlé, ìpara abóra tẹ̀ lé e. Nígbà tí Fẹlá fi máa gbé orin Yellow Fever jáde ní 1976, bíbóra ti di àrùn ìgboro. Ní ilé ìwé wa, ọmọ tó bá fi àdín para, a máa ń yọ ọ́ lẹ́nu títí á fi sunkún. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í nu osùn kúrò lára ọmọ bí àlejò bá ń bọ̀. Ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́? Mẹ́kúrì wà nínú òmíràn. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2013 ní kí ìpara tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan lọ kásẹ̀ ńlẹ̀ tó bá fi máa di 2020, síbẹ̀ ọjà wa kò tíì mọ́.

Òrí ní tirẹ̀ wọkọ̀ lọ sókè òkun, ó wá padà nínú ìgò kékeré tó gbówó lórí. Ní oṣù Ògún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó kóró òrí jáde fún oṣù 6. Wọ́n ní ó súnmọ́ ìdá 40 nínú 100 kóró òrí àgbáyé tó ń ti Nàìjíríà jáde, bẹ́ẹ̀ ìdá 1 péré ló ń kàn wá nínú owó rẹ̀. Mo rò ó títí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kóró la ń tà, pípò ni wọ́n ń san owó lé lórí, bẹ́ẹ̀ pípò yẹn ni àwọn ìyá wa mọ̀ jù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ yìí gbà lọ́wọ́ àgbà kíákíá, ọ̀rọ̀ omi ni. Kì í ṣe àṣejù ni wọ́n fi ń se òrí títí omi á fi gbẹ nínú rẹ̀. Ibi tí omi bá kù sí ni ìpara ti ń bàjẹ́. Òdòdó tútù tí a kì bọ inú òróró, omi ara rẹ̀ á mú un hu funfun, nítorí náà kí ó gbẹ kí ó tó wọ ìgò. Omi róòsì tí a sè nílé kì í pẹ́ bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí osùn òòjọ́ fi jẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, tí kì í ṣe kèrègbè. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ọṣẹ dúdú, kí ó má fi ọwọ́ lásán kan omi eérú èèpo kòkó, ó ń bó èèyàn lọ́wọ́.

Igi osùn ṣì wà lórí àtẹ àwọn lẹ́kúlẹ́jà, ẹni tó bá béèrè á rí i rà. Igi òrí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ó lè tó ọdún 15 tàbí 20 kí ó tó so, àwọn aléèédú sì ń gé e lójoojúmọ́ ní Òkè-Ògùn.

Ìyá àgbà ti lọ. Àbúrò wọn obìnrin ṣì wà ní Ṣakí. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ki ọwọ́ bọ agbada, wọ́n á sọ fún ọ bóyá omi gbígbóná ló kù tàbí tútù. Ọmọ-ọmọ wọn kan wà l'Ékòó tó ń po ìpara òdòdó tà. Ó ní òun fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn nígbà tí èso bá ń já bọ́ lọ́dún yìí. Mo ti ní kí ó má dúró de ìsinmi ibi iṣẹ́, kí ó máa lọ.