Ẹnjiníà ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà l'Óṣogbo, àṣé ìyàwó ẹ̀ tó lóyún àkọ́kọ́ ti wà nínú ewu n'Iléṣà

Tẹ́ ẹ bá dé àdúgbò Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, tẹ́ ẹ béèrè Ẹnjiníà, wọn yóò júwe ilé ẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń di wúyẹ́wúyẹ́. Ọkùnrin tí ò lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí ò ní ṣọ́ọ̀bù, tí ò ní ọ́fíìsì, tó jẹ́ pé inú yàrá ló ń wà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, tí iná yàrá ẹ̀ kì í kú lóru, tówó sì ń wọlé fún un lóṣooṣù, kí lèèyàn fẹ́ pè é? Láyé táwọn EFCC ń kó àwọn ọmọ Yahoo kiri yìí, onílé ẹ̀ gan-an ti pè é jókòó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹnjiníà, má bínú o, irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?"

Iṣẹ́ gidi ni. Pólì Ẹdẹ ló ti kàwé jáde, ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń bá àwọn ọlọ́jà gbowó lórí fóònù ló sì gbà á. Òun ló ń ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tówó yẹn ń gbà kọjá. Ìlà kan wà lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Bí ìlà yẹn bá ti já wálẹ̀ lójijì, àyà Ẹnjiníà náà á já, nítorí ìyẹn ni pé owó àwọn èèyàn ti há síbì kan. Ìbáà jẹ́ aago méjì òru, òun ni fóònù ẹ̀ máa dún. Kò lè sọ pé kò síná. Ó ti fowó ńlá ra sóólà sórí òrùlé nítorí ẹ̀, torí látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń tàn sùn mọ́.

Ọdún kẹta ìgbéyàwó wọn nìyàwó ẹ̀ lóyún. Ọmọ Iléṣà nìyàwó, tíṣà ni níléèwé aládàáni kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti retí ọmọ rí mọ̀ pé ọdún mẹ́ta nílé ọkọ, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀rín. Òṣogbo sì nìlú tí wọ́n ń gbé o, ìlú tó jẹ́ pé nítorí ọmọ làwọn kan ṣe ń ti òkèèrè wá. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún Ọ̀ṣun, nínú igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005 pé ogún gbogbo ayé ni. Bí Arugbá bá ń lọ sódò, ẹ óò rí àwọn obìnrin tó ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti ike lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ bu omi. Àwọn ará ilé gba ìyàwó Ẹnjiníà nímọ̀ràn títí, ó ní onígbàgbọ́ lòun. Ìgbà tí oyún wá dé, kò sẹ́ni tó rántí àríyànjiyàn mọ́. Ayọ̀ ṣáá ni.

Bí iléèwé ṣe gba họ́lídè, tóyún ti pé oṣù méje, ni ìyá ìyàwó bá ti Iléṣà dé. Ọmọ Òṣómàáló ni ìyá yìí. Bàbá ẹ̀ wà lára àwọn Ìjẹ̀ṣà tó gbé aṣọ kiri ìlú tà láwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tówó wọn á fi pé. Lójú ọmọ Òṣómàáló, iṣẹ́ tẹ́sẹ̀ ò rìn, tórí ò ru nǹkan kan, ìbéèrè wà nínú ẹ̀. "Uṣẹ́" ni Ìjẹ̀ṣà ń pe iṣẹ́. Ló bá wo Ẹnjiníà nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Àna mi, uṣẹ́ yìí, ṣé ọ̀gá kankan wà níbẹ̀ ṣá?" Ẹnjiníà ní ọ̀gá wà l'Ékòó. Màmá mirí. Ó ní òun fẹ́ mú ọmọ òun lọ sílé, kó lè bímọ lọ́dọ̀ òun, torí ọkọ tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lóru ò lè ṣọ́ aboyún.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ẹnjiníà, ṣùgbọ́n kò jiyàn. Ó ṣáà mọ̀ pé Òṣogbo sí Iléṣà ò jìnnà, nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà ni. Ó ṣèlérí pé gbogbo Sátidé lòun á máa wá.

Sátidé àkọ́kọ́, ó lọ lóòótọ́. Ó ra àgbàdo sísun àti iṣu tuntun dání, ó gbọ́wọ́ lé ikùn ìyàwó ẹ̀, ọmọ ta á nípàá, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Sátidé kejì, ìlà kọ̀ǹpútà já wálẹ̀ láàárọ̀, kò lè kúrò nídìí ẹ̀. Sátidé kẹta, bákan náà. Ó ń pè é lórí fóònù ṣá o. Á ní, "Báwo lara?" Ìyàwó á ní, "Ara le, ẹ má ṣèyọnu." Òun náà á padà sídìí iṣẹ́, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀.

Àṣé ara ò le. Ẹsẹ̀ ti wú, ojú ti wú, òrùka ìgbéyàwó ò bọ́ lọ́wọ́ mọ́, orí sì ti ń fọ́ ọ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tọ́kọ wá bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò sọ, èsì tó fọ̀ kò ní ìjà nínú rárá. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín, ẹ máa ń ní ẹ wà ní mítìn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tìtorí mi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ọjọ́ tí Arugbá jáde gan-an lọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Òṣogbo kún fọ́fọ́, ìlù ń dún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀. Owó àwọn oníbàárà há l'Ékòó, Ẹnjiníà àtàwọn ọ̀gá ẹ̀ wà lórí fóònù, wọ́n ń wá ibi tó ti bàjẹ́. Ìyá ìyàwó pè, kò gbé e. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì, kò gbé e. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó yá ni àbúrò ìyàwó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ọsibítù la wà. Sìsítà ní ojú àwọn ń ṣú, àwọn ò ríran dáadáa."

Ẹnjiníà dìde. Ó sọ fáwọn ọ̀gá ẹ̀ pé òun ń lọ. Ọ̀kan ní, "Ta ló fẹ́ bá ẹ ṣe èyí tó wà nílẹ̀?" Kò dáhùn. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó fẹsẹ̀ rìn la èrò ọdún kọjá kó tó rí ọlọ́kadà, ọlọ́kadà gbé e débi tó ti wọ mọ́tò Iléṣà. Òjò ń rọ̀ lójú ọ̀nà. Ọgbọ̀n kìlómítà tó ní kò jìnnà wá di ìrìn àjò tí kò fẹ́ tán.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, irú èyí tó ń bá aboyún jà lẹ́yìn tí oyún bá ti kọjá oṣù márùn-ún. Bó bá ti wọ 140/90, dókítà á ti fura. Tìyàwó Ẹnjiníà wọ 160/110. Orí fífọ́ tí ò lọ, ojú tó ń ṣú, ojú àti ọwọ́ tó wú, àmì ẹ̀ nìyẹn, kò sì yẹ kí aboyún kankan fi sùn mọ́jú. Bí wọn ò bá tètè kápá ẹ̀, gìrì ló ń dà. Lọ́dún 2020 nìkan, àjọ WHO ṣírò pé nǹkan bí 82,000 obìnrin loyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Àwọn nọ́ọ̀sì ti gún un lábẹ́rẹ́ kí ọkọ tó dé. Ó ti ń sùn.

Ní kọ́rídọ̀ ni Ẹnjiníà ti bá ìyá ìyàwó ẹ̀, ike omi àdúrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Iléṣà nìyẹn, ìlú tí ìsọjí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti bẹ́ sílẹ̀ l'Ókè-Òoye lọ́dún 1930. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù tó ń ba Ẹnjiníà ni pé ilé àdúrà ni ìyá máa gbé ọmọ ẹ̀ lọ bọ́rọ̀ bá le. Ló bá dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ pé wọ́n gbé e wá sọ́síbítù. Màmá wò ó, ó ní, "Inú mọ́tò ni mo ti gbàdúrà. Ta ló sọ fún yín pé àdúrà ò mọ ọ̀nà ọsibítù?"

Ló bá tú ọ̀rá kan nínú báàgì ẹ̀, ó mú káàdì kan jáde, ó ti pọ́n, ó ti gbó létí. Káàdì tí wọ́n fi wọn ìyàwó Ẹnjiníà ni, nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Oṣooṣù ni wọ́n ń fi bírò kán àmì síbi tí ìwọ̀n ọmọ bá dé, wọ́n wá fi ìlà so àmì náà pọ̀. Ìlà ń gòkè bọ̀, ó dé oṣù kẹjọ, ó já wálẹ̀ wìì. Màmá fìka tọ́ ibẹ̀, ó ní, "Ìgbẹ́ gbuuru ló ṣe é níbí yìí."

Ẹnjiníà la ẹnu sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, iṣẹ́ témi ń ṣe nìyí. Irú ìlà yìí ni mò ń wò."

"Ìlà lẹ̀ ń wò látọjọ́ yìí?" Màmá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. Ó ní, "Ọjọ́ tí ìlà tèmi wálẹ̀, mo pọn ọmọ mi, mo gbọ̀nà. Mi ò jókòó kí n máa wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ẹnjiníà lára. Ó sì bọ́ sí i pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ̀rọ̀ náà ti jáde, torí ibẹ̀ gan-an ni irú káàdì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di ti gbogbo ayé. Dókítà òyìnbó kan, David Morley, ló dé sọ́síbítù Wesley Guild n'Iléṣà lọ́dún 1956. Ó rí báwọn ọmọdé ṣe ń kú, ló bá lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, láti ọdún 1957 ló ti ń tọpa àwọn ọmọ níbẹ̀ láti ọjọ́ ìbí wọn. Ó dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, ó sì ṣe káàdì ìwọ̀n. Kò ní kí káàdì wà lọ́síbítù, ọwọ́ ìyá ló ní kó wà, torí ìyá ló ń rí ọmọ lójoojúmọ́. Ọdún 2009 ni Morley kú, káàdì ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè púpọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ẹnjiníà kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ẹ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin tó bá bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa bàbá ọmọ. Lóṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá fáwọn ọkùnrin tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ aládàáni, ojú ọ̀gá ló ń wò. Àwọn ọ̀gá gbà kó kúrò nínú iṣẹ́ òru, wọ́n sì yọ owó òru kúrò: ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù ẹ̀ lọ báyẹn, ní àsìkò tówó ọmọ ń bọ̀. Ó fọwọ́ sí i.

Ní báyìí, pálọ̀ ìyá ìyàwó ẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọsibítù ló ń wà. Ó ra ìwé kan, ojoojúmọ́ ló ń kán àmì sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ẹ̀ dé, ó ń fi ìlà so wọ́n pọ̀. Ìlà ti wálẹ̀ díẹ̀, tòun yìí, wíwálẹ̀ ẹ̀ layọ̀. Dókítà ní bó bá dúró bẹ́ẹ̀, àwọn fẹ́ kóyún pé ọ̀sẹ̀ 37 káwọn tó gbé ọmọ náà jáde.

L'Ókè-Fìà, wọ́n ti ń sọ ọ́ pé yàrá Ẹnjiníà ṣókùnkùn lóru, bóyá EFCC ti wá kó o. N'Iléṣà ní tiẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá bi màmá léèrè pé irú iṣẹ́ wo ni àna ẹ̀ ń ṣe, èsì ti wà lẹ́nu ẹ̀: "Ìlà ló ń wò. Bí ìlà bá sì wálẹ̀, ó mọ̀ pé àá dìde ni."

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ.