Asọ̀rọ̀mágbèsì tí ó ń béèrè èsì: Ìrìn-àjò sí ìlú Cannes

Ìlú Cannes kò tóbi tó òkìkí rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Nice kò ní pẹ́ ju nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Òkun Mẹditaréníà ni yóò máa wò ní ọwọ́ òsì rẹ̀, òkè ní ọwọ́ ọ̀tún, ilé yóò sì so mọ́ ilé láàárín méjèèjì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Bí ó bá jáde ní ibùdókọ̀, ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni etíkun. Níbẹ̀ ni òpópó tí wọ́n ń pè ní La Croisette ti nà gbọọrọ lẹ́bàá omi: òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ní ẹ̀gbẹ́ kan, iyanrìn ní ẹ̀gbẹ́ kejì, igi ọ̀pẹ láàárín, ọ̀pẹ tí kò ní ẹyìn tí a lè fi se ọbẹ̀. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, òkè kékeré kan tí ń jẹ́ Le Suquet gbé ìlú àtijọ́ sẹ́yìn bí ìyá tí ó pọn ọmọ. Lórí omi lọ́ọ̀ọ́kán ni erékùṣù méjì wà, Sainte-Marguerite àti Saint-Honorat. Lórí èyí èkejì ni àwọn mọ́ńkì ti dá ilé àdúrà sílẹ̀ ní ọ̀rúndún karùn-ún.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn olùkọ́ ni ó gbé mi dé Nice ní oṣù kọkànlá, mo sì fi òpin ọ̀sẹ̀ lọ wo Cannes. Ayé mọ ìlú náà nítorí àjọ̀dún sinimá rẹ̀, tí ó kọ́kọ́ wáyé ní 1946. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama mọ̀ ọ́n nítorí orin. Láti ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 2000 ni ilé-iṣẹ́ rédíò kan tí ń jẹ́ NRJ ti ń pe àwọn olórin jọ síbẹ̀ láti fún wọn ní ẹ̀bùn, tí tẹlifíṣọ̀n TF1 sì ń fi í hàn. NRJ Music Awards ni wọ́n ń pe ayẹyẹ náà. Oṣù kìíní ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ní àsìkò Midem, ọjà àwọn oníṣòwò orin tí Cannes bẹ̀rẹ̀ sí gbà lálejò ní 1967. Nígbà tí ó yá, wọ́n sún un sí ìparí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a pàdé.

Palais des Festivals ni wọ́n ti ń ṣe é, ilé ńlá kan létí omi tí wọ́n ṣí ní 1982. Àwọn ará ìlú kọ́kọ́ fi ilé náà ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ó jọ ihò tí ọmọ ogun ń sá pamọ́ sí. Àtẹ̀gùn 24 ni ó wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n tẹ́ aṣọ pupa lé lórí. Àwọn òṣèré ti fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ṣe àmì sílẹ̀ káàkiri ibẹ̀. Mo rí àwọn ọmọdé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tiwọn wọn ọwọ́ àwọn ẹni ńlá. Mo wo ojú wọn, mo sì mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn ọmọ wa ń ṣe ní Kétu nígbà tí wọ́n bá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n: wọ́n ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn kí wọ́n lè mọ bí tiwọn ti tóbi tó.

Àwọn bàbá wa sọ rédíò ní orúkọ tí ó jinlẹ̀: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Bí ó bá purọ́, a kò lè já a nírọ́. Bí ó bá gbàgbé orúkọ wa, a kò lè rán an létí. Ìtàn NRJ fúnra rẹ̀ bá orúkọ yìí jà. Títí di 1981, ìjọba nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti gbé ohùn rédíò sáfẹ́fẹ́ lórí ilẹ̀ Faransé. Ọdún náà gan-an ni Jean-Paul Baudecroux dá NRJ sílẹ̀ ní Paris. Bí a bá pe lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyí ní èdè Faransé, wọ́n ń dún bí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí agbára. Ní oṣù kejìlá 1984, àwọn aláṣẹ fẹ́ fi ìyà jẹ ilé-iṣẹ́ náà nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára ju bí òfin ti gbà lọ. Rédíò náà ké sí àwọn olùgbọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tú jáde sí ìgboro Paris, gbajúgbajà olórin Dalida sì wà pẹ̀lú wọn. Èsì dé lọ́jọ́ náà. Rédíò náà kò dákẹ́.

Nígbà tí ó wá dá ẹ̀bùn sílẹ̀, àwọn olùgbọ́ náà ni ó fi ìdìbò lé lọ́wọ́. Victoires de la Musique, tí ó ti wà láti 1985, àwọn oníṣẹ́ orin ni í yan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò gbà á. Ti NRJ kò rí bẹ́ẹ̀: yàtọ̀ sí ẹ̀bùn ọ̀wọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà ń fúnra rẹ̀ yàn, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lè dìbò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, asọ̀rọ̀mágbèsì ń béèrè èsì. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kí ni a lè fi dá a lóhùn bí kò ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ sí wa létí? Kò sí ẹni tí í dìbò fún orin tí kò gbọ́ rí.

Ọmọkùnrin kan ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Ní ọ̀sán ọjọ́ ayẹyẹ náà, mo dúró lẹ́yìn irin tí wọ́n fi dí ọ̀nà, mo ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí mo ti parí, ó súnmọ́ mi, ó tẹ orí ba.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o. Ará Kétu ni yín àbí ará Pọ̀bẹ́?”

“Kétu ni, àbúrò mi. Ìwọ ńkọ́?”

“Sákété ni wọ́n bí mi sí. Ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Wákàtí ìsinmi mi ni mo fi wá wò wọ́n.”

Mo bi í bóyá ó ti dìbò. Ó ní òun ti dìbò lórí fóònù òun. Mo tún bi í bóyá orin ẹni tí ó dìbò fún ni ó fẹ́ràn jù. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ń fọ àwo, orin ìyá mi àgbà ni ó máa ń bọ́ sí mi lẹ́nu, kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n orúkọ ìyá àgbà kò sí níbẹ̀. Ta ni mo fẹ́ dìbò fún?”

Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò padà ní tirẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi.

Bí a bá wo àtòjọ ẹ̀bùn náà, èdè ni wọ́n fi pín in. Ẹ̀bùn wà fún olórin ọkùnrin elédè Faransé àti fún olórin obìnrin elédè Faransé. Bákan náà ni ẹ̀bùn wà fún àwọn ti òkèèrè. Níbo ni a ó wá fi ọmọ Kétu tí ń kọrin Yorùbá sí? Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń sọ Faransé, orin rẹ̀ kò sọ ọ́. Kì í ṣe pé etí àwọn ará Faransé di sí èdè wa. Angélique Kidjo, tí wọ́n bí ní Ouidah ní 1960, tí ó kó lọ sí Paris ní 1983, ti fi Fọ̀n àti Yorùbá kọrin kárí ayé. Ayé gan-an ni orúkọ àwo rẹ̀ ti ọdún 1994. Aṣa, tí wọ́n bí ní Paris tí ó sì dàgbà ní Èkó, gba Prix Constantin ní Faransé ní 2008, orin Yorùbá sì wà nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó gbọ́ wọn fẹ́ràn wọn. Kí a tó gbọ́ wọn ni ó ṣòro.

Faransé fúnra rẹ̀ mọ èyí, ó sì bẹ̀rù rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1994, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1996, pàṣẹ fún àwọn rédíò pé, ní àwọn wákàtí tí olùgbọ́ pọ̀ jù, orin elédè Faransé kò gbọdọ̀ dín ní 40 nínú 100 orin ìgbàlódé tí wọ́n bá gbé sáfẹ́fẹ́, àti pé kí ìdajì wọn jẹ́ ti àwọn olórin tuntun tàbí orin tuntun. Nígbà tí ó yá, wọ́n dẹ òfin náà fún àwọn rédíò kan, ṣùgbọ́n wọn kò pa á rẹ́. Èdè tí àwa ń wò bí erin, òun náà ń wá ògiri tí yóò fẹ̀yìn tì kí ti Gẹ̀ẹ́sì má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo gun Le Suquet. Èdè Provençal ni àwọn apẹja ìlú yìí ń sọ nígbà kan rí. Èdè náà ni Frédéric Mistral fi kọ ewì, tí ó sì fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904. Òfin rédíò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tilẹ̀ ka orin èdè ìbílẹ̀ ilẹ̀ Faransé mọ́ 40 náà. Síbẹ̀, nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ sí ọjà Forville lẹ́sẹ̀ òkè náà, láàárín àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn alátà ewébẹ̀, etí mi kò pàdé ọ̀rọ̀ Provençal kan, pàápàá lẹ́nu ọmọdé. Èdè kan lè gba Nobel, kí ó tún ní òfin lẹ́yìn, kí ó má sì rí ẹni tí yóò fi ná ẹja.

Kí asọ̀rọ̀mágbèsì tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwa náà ní alẹ́ tí a fi ń dìbò fún orin. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, tí í ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, olórin a jáde sí agbo ní ojú ọjà, a kí àwọn ìyá wa, a sì bẹ̀rẹ̀ sí tú àṣírí ọ̀lẹ, olè àti aláṣejù. Bí orin rẹ̀ bá dùn tí òótọ́ sì wà nínú rẹ̀, agbo a gbè é. Bí kò bá dùn, agbo a dákẹ́ mọ́ ọn lórí. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, orin tí àwọn obìnrin bá ń kọ lọ sí odò ni ó gba ẹ̀bùn. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn àjogúnbá aláfẹnusọ tí ó níye lórí jù láyé, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Àwọn tí wọ́n fún un ní oyè yẹn kọ́ ni yóò máa gbè é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má ṣe gbọ́ ọ pé mo ní kí ẹ pa tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ Cannes. Ẹ wò ó, ẹ dìbò bí ó bá wù yín. Ṣùgbọ́n alẹ́ kan péré ni wọ́n fi ń pín ẹ̀bùn. Gbogbo ọjọ́ yòókù nínú ọdún ni rédíò fi ń yan ohun tí etí yín yóò mọ̀. Láti ìgbà tí òfin 97-010 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 1997 ti ṣí ọ̀nà fún rédíò aládàáni ní Bẹ̀nẹ̀, ohùn rédíò kò jìnnà sí ilé wa mọ́. Ẹ pè é. Ẹ béèrè orin ní èdè yín, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Fóònù tí ẹ fi ń dìbò lè gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gbà á sílẹ̀ nígbà tí ohùn náà ṣì ń jáde, kí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ sì padà lọ béèrè bí wọn kò bá tíì lò ó. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọmọ Sákété tí ń fọ àwo ní Cannes yóò rí orúkọ tí ó lè dìbò fún.