Èmi Méjìlá

Ọjọ́ tí mo sọ fún Mọ́mì mi ní Odògbolú pé àwọn ọmọ ò ní lọ síléèwé ní táàmù yẹn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé owó ni ò sí ni?" Mo ní owó wà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìjọba ò wáá ní mú ẹ báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ẹ̀rín lásán. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 ní kí òbí rí i pé ọmọ òun parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà ni ọ́fíìsì mi. Ohun tó lé wa jáde ni ìwé èsì ìdánwò ọmọbìnrin mi. Olùkọ́ kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣirò ò sí lórí ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Látìgbà náà, tó bá ti rí nọ́ńbà, á ní, "Dádì, èmi ò mọ ìṣirò." Bí ẹni ń pe orúkọ ara ẹ̀ ló ṣe máa ń sọ ọ́.

Ìyàwó mi ò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Ó ní tí mo bá fẹ́ rìnrìn àjò kí n sọ bẹ́ẹ̀, kí n má fi ọmọ bojú. Ká má parọ́, òótọ́ wà níbẹ̀: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà ni. A fẹnu kò sí táàmù kan péré.

Èkó la ti gbéra, a gba Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde, a wá fi ilé Mọ́mì ṣe ibùdó. Àárọ̀, ìwé. Ọ̀sán, èmi àti kóòdù. Sátidé, a jáde. A dé Ìmàgbọn, níbi tí ọmọ ogun Ìjẹ̀bú àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti kojú ara wọn lóṣù Èbìbí, 1892. Ọmọkùnrin mi wọ̀tún wòsì, ó ní, "Ìbọn dà?" Fọ́tò tí mo yà níbẹ̀ ò ju koríko àti ewúrẹ́ lọ.

Erédò Sùngbọ́ lọ̀rọ̀ ti yí. Odi amọ̀ àti kòtò tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ ni, ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, ó sì gùn tó 160 kìlómítà. Bilikísù Sùngbọ́, opó ọlọ́rọ̀ tí wọ́n ní Òkè-Ẹ̀rì ni sàréè ẹ̀ wà, ni wọ́n ní ó gbẹ́ ẹ. (Àwọn kan tiẹ̀ ní òun ni Ọbabìnrin Ṣébà. Àwa Ìjẹ̀bú kì í fi nǹkan kékeré yangàn.) Mo yà á, mo tún un yà. Nínú fọ́tò, gọ́tà tí igbó bò ni. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ kòtò tó gbójú sókè ló mọ̀ pé kì í ṣe gọ́tà. Mo wá ní kí ọmọbìnrin mi dúró síbẹ̀, kí ojú lè rí nǹkan fi díwọ̀n. Ẹ̀gún pọ̀ lẹ́bàá odi náà, ó dúró níwájú ẹ̀ díẹ̀.

Lálẹ́, mo bá a níwájú kọ̀ǹpútà mi, ó ń fi ìka wọn ara ẹ̀ gun odi lọ sókè. "Dádì, èmi mẹ́sàn-án ló wà níbí." Ó ní òun ga tó 130 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ẹ̀ ti lé ní mítà mọ́kànlá. Kí n tó yanu, ó ní, "Rárá o! Iwájú ni mo dúró, odi wà lẹ́yìn. Mo tóbi jù nínú fọ́tò. Odi yẹn ga jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Èmi tí mo gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ò tíì ronú débẹ̀.

Sátidé kejì, òun ló fà wá padà lọ. A fi àdá ṣá ẹ̀gún, ó fẹ̀yìn ti odi. Èmi méjìlá. 15.6 mítà.

Wọ́n ti padà síléèwé báyìí, ilé ìwé mìíràn. Àmì ìṣirò ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ga. Àmọ́ mi ò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tá a padà dé láti Erédò yẹn, Mọ́mì wo fọ́tò náà títí. "Èmi mélòó ló máa jẹ́?" Ọmọ náà mú téèpù wá, ó wọ̀n wọ́n mọ́ ara ògiri ilé ìdáná: 156. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, ó pín in.

"Ìyá àgbà mẹ́wàá géérégé."

"Mẹ́wàá kẹ̀? Ẹ̀yìn mi ló ti tẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, mi ò lè pé mẹ́wàá níbẹ̀."