Ìpáàrà Inú Dẹ́kìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ohun tí ojú wa rí ní Àbújá yìí ló jẹ́ kí òwe náà yé wa.

Àwa mẹ́rin la jọ gba yàrá ní Garki. Lábẹ́ dẹ́kìn, lókè ibi tí a ti ń dáná, ilà pupa rúsúrúsú kan wà. Ọdún kan gbáko la fi ń wò ó. Ẹ̀rù ń bà wá kí onílé má fowó kún owó ilé, a bá dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ òjò kan, kọnkéré já bọ́, ó fọ́ ìkòkò ẹ̀wà wa. Ẹni tó ń dáná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mú iyọ̀ ni. Onílé rán bíríkìlà wá, ó rẹ́ ẹ, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun. Òjò méjì sí i, ilà pupa tún yọjú.

Ìgbà náà la lọ bẹ bàbá ayọ́nbẹ́ńdà kan. Ó fi òòlù kékeré kan dẹ́kìn náà jẹ́jẹ́. Níbì kan ó dún kó, kó. Níbòmíràn ó dún bí àgbá òfìfo. Bàbá ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tó ń dún bí àgbá yìí ti ya kúrò lára irin. Irin ti dógùn-ún.”

Àwọn tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì nínú wa ṣàlàyé ìyókù. Kọnkéré tuntun máa ń dáàbò bo irin, nítorí pH rẹ̀ tó nǹkan bíi 13. Ṣùgbọ́n carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí pH bá wálẹ̀ sí nǹkan bíi 9, ààbò tán. Omi àti afẹ́fẹ́ yóò máa jẹ irin. Ìpáàrà sì ń gba àyè tó ìlọ́po méjì irin tó jẹ, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Òun ló ń fọ́ kọnkéré láti inú. Létí òkun bíi ti Èkó, iyọ̀ ń dá kún un. Àbújá jìnnà sí òkun, àmọ́ páìpù tó ń jò lórí dẹ́kìn wa ti tó.

Nígbà tí Bàbá gbẹ́ ẹ, a kán kẹ́míkà phenolphthalein sí i. Ibi tó ṣì lágbára pọ́n; ìtòsí irin kò yí àwọ̀ padà rárá. Bàbá tún fi hàn wá pé wọn kò fi bísíkíìtì gbé irin sókè nígbà tí wọ́n ń da dẹ́kìn, kọnkéré tó bò ó kò sì nípọn. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ dí páìpù. Ó gbẹ́ gbogbo ibi tó ti kú dànù, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha irin títí ó fi dán, ó pààrọ̀ èyí tó ti tín-ínrín, ó wá dí i padà. Omi tó fi po sìmẹ́ǹtì kò pọ̀, ó sì ní kí a máa bomi rin ín fún ọjọ́ méje. Onílé san ìdajì, àwa san ìdajì.

Irin ni egungun ilé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní Sabon Lugbe níhìn-ín, àwọn kan ń yọ irin lára ilé tí wọ́n ti wó lápá kan, kí wọ́n lè tà á. Ilé náà ya lulẹ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ohun tí wọ́n fọwọ́ yọ yẹn ni ìpáàrà ń yọ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún.

Ilà pupa kì í ṣe ìdọ̀tí lásán, ọ̀dà kì í sì í ṣe oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá dé yàrá yín, ẹ gbójú sókè. Ẹ kàn án jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá dún bí àgbá, ẹ kọ̀wé sí onílé tàbí alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì yín. Àwa dákẹ́ fún ọdún kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìkòkò ẹ̀wà ló fọ́, kì í ṣe orí.