Ohun tí òkun bá gbé



Àwa tí a ń jẹun ní Ganhi, ọkọ̀ òkun ló ń bọ́ wa. Ìrẹsì, aṣọ, ọkọ̀ àlòkù, orí omi ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń tà gbà dé. Ní 1893, afárá irin gígùn tí wọ́n ń pè ní wharf ni àwọn Faransé fi ń já ẹrù kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Pọ́ọ̀tù ńlá tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965. Ẹni tó bá gbọ́ Fọ̀n sì mọ̀ pé ẹnu odò ikú ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú wa.

Ọ̀rọ̀ tó dé bá wa nílé ni ti ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ ọdún 22. Ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń mòòkùn, kí òun máa wọ inú ọkọ̀ tó ti rì. Ìyá rẹ̀ figbe ta. Bàbá àgbà ní, "Ohun tí òkun bá gbé ti di ti Olókun. Kí lo fẹ́ lọ wá níbẹ̀?" Ilé pín sí méjì. La bá jókòó, a wádìí ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe ń wádìí ọjà ká tó kówó lé e.

Ọmọ náà kọ́kọ́ fi àwòrán ọkọ̀ Thistlegorm hàn wá. Ọkọ̀ ẹrù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọkọ̀ òfurufú Jámánì ju bọ́ǹbù lù ú ní Òkun Pupa ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1941, ó sì rì sí nǹkan bí mítà 30. Títí di òní, alùpùpù, ọkọ̀ akẹ́rù àti bàtà rọ́bà ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì sí douane tó wá gbowó lórí wọn. Àwọn èèyàn ń sanwó lọ wò ó. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ mọ́ bíi dígí. Tiwa ńkọ́? Ọ̀sà Nokoué ń tú ẹrẹ̀ sínú òkun láti ojú omi tí wọ́n là ní 1885, ìgbì kò sinmi, ọkọ̀ ńlá ń wọlé, òmíràn ń jáde. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Lẹ́yìn náà la wá mọ bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí. Ní mítà 30, omi ń tẹ ara ní ìlọ́po 4 bó ṣe rí lókè. Afẹ́fẹ́ inú àgbá irin tó lè tó wákàtí kan lókè kò ní ju ìṣẹ́jú 15 lọ níbẹ̀. Gígòkè ló tún léwu jù. Afẹ́fẹ́ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí gáàsì ṣe wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ẹ bá ṣí ìgò náà lójijì, ẹ mọ bó ṣe ń hó. Ẹni tó bá sáré gòkè, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ṣe lè rí. Ó lè rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ó sì lè kú.

Ìyá ọmọ ní, "Ẹ ò gbọ́ nǹkan?"

Ìgbà náà ni ọmọ náà sọ ìtàn Harrison Okene. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, Jascon-4, ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ ńlá, dojú dé nítòsí Escravos ní Nàìjíríà. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Okene ni alásè wọn. Ó rí ibi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí, ó sì wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn àti òtútù, ní mítà 30 nísàlẹ̀ òkun. Òkú ni àwọn tó mòòkùn wá kó. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan nínú omi. Bó ṣe fẹ́ fà á, ọwọ́ náà dì í mú. Wọn kò kàn gbé e gòkè wàrà bẹ́ẹ̀. Inú yàrá irin ni wọ́n fi í sí fún ọjọ́ bíi méjì sí mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó bá ti òkè mu. Okene nìkan ló yè. Òun náà sì padà kọ́ iṣẹ́ mímòòkùn.

Bàbá àgbà dákẹ́ títí. Ó wá béèrè pé, "Wákàtí mélòó lẹ ní ó lò nísàlẹ̀?" A ní nǹkan bí 60. Ó ní, "Tí wọn ò bá wọlé lọ wò ńkọ́?"

Ohun tó yí wa lọ́kàn padà nìyẹn. Ní Ganhi, bí ẹrù bá rì, a máa ń kà á kúrò nínú ìwé. Kò yẹ ká ka èèyàn kúrò bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ti wọlé lọ wò.

Nítorí náà, a gbà fún un, ṣùgbọ́n a là á yé e. Kò ní tẹ̀lé ẹnikẹ́ni tó bá ní kó wá mòòkùn nítorí irin àlòkù. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ni yóò lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í dá sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n sì mọ ibi tí yàrá irin yẹn wà kí wọ́n tó wọ omi. Ó ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ ná. Ẹ̀rù ṣì ń ba ìyá rẹ̀, ó ń ba àwa náà. Ẹni tó bá mọ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò tàbí Nàìjíríà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́.